AGBẸ́JỌ́ ẸNÌKAN DÁ: Ẹ̀SÙN Ọ̀TẸ̀ LÁTI ÌGBÀ ỌBA SỌ́Ọ̀LÙ TÍTÍ DÉ INÚ ÌJỌ WA

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń dáná lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ kó tó máa kà á, kí ọbẹ̀ má lọ jóná nítorí pásítọ̀.

Níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, arábìnrin kan bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Dádì, tí ọba bá sọ pé ẹnì kan ṣọ̀tẹ̀ sí òun, ta ló máa wá dá ẹjọ́ náà?" Mo dáhùn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ìbéèrè náà bá mi délé, ó bá mi sùn, ó bá mi jí. Mo padà sínú Bíbélì, mo sì tún ṣí àwọn ìwé ìtàn tí mo ti ń kà látìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ní ìparí, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, nítorí náà ẹ má fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ gbọ́ ná. Tí ẹnì kan bá jí ewúrẹ́, olówó ewúrẹ́ ló máa mú un lọ sí ààfin, ọba á sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Ewúrẹ́ kì í ṣe ti ọba, olè kì í ṣe ọmọ ọba, ọkàn ọba á balẹ̀. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọba gan-an ni wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀. Ọba ló ń fisùn. Ọba ló yan adájọ́. Ọba ló ni àwọn tó máa lọ mú ẹni náà wá, ọba náà ló sì ni idà. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní, tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà kó là á.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tí ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo bá jẹ́ òṣìkà, ẹni tó jẹ́ pé òun ló fisùn, òun ló tún dájọ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣí Sámúẹ́lì Kìíní orí 22. Ọba Sọ́ọ̀lù jókòó lábẹ́ igi ní Gíbéà, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ dúró yí i ká. Ẹ kíyè sí ọ̀kọ̀ yẹn o. Ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ ti wà lọ́wọ́ adájọ́. Ó ń ráhùn pé gbogbo wọn ti gbìmọ̀ pọ̀ sí òun, pé kò sí ẹni tó káàánú òun. Ìgbà náà ni Dóégì ará Édómù la ẹnu. Ó ní òun rí Dáfídì nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Áhímélékì àlùfáà ní Nóbù. Ó ní àlùfáà bá a béèrè lọ́dọ̀ Olúwa, ó fún un ní oúnjẹ, ó tún gbé idà Gòláyátì fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ wo ni Dóégì pa níbẹ̀? Ẹ padà sí orí 21. Búrẹ́dì wà níbẹ̀. Idà wà níbẹ̀. Òótọ́ ni ọkùnrin yìí sọ! Àmọ́ ohun tí kò sọ ni ikú wà. Kò sọ pé Dáfídì purọ́ fún àlùfáà náà pé ọba ló rán òun níṣẹ́ àṣírí. Áhímélékì rò pé ọba lòun ń ṣiṣẹ́ fún. Ọwọ́ tó fi gbé búrẹ́dì kalẹ̀ yẹn, ọwọ́ ẹni tó ń ran ọba lọ́wọ́ ni lójú tirẹ̀.

Sọ́ọ̀lù ránṣẹ́ pe Áhímélékì àti gbogbo ilé baba rẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn bí ọmọlúàbí. Ó bi ọba pé ta ló ṣeé fọkàn tán bíi Dáfídì nínú gbogbo ìránṣẹ́ rẹ̀, Dáfídì tó jẹ́ àna ọba. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀tẹ̀, ì báà kéré. Ṣé Sọ́ọ̀lù wá yíjú sí Dóégì, kó bi í pé, "Kí ni Dáfídì sọ kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ?" Rárá. Ṣé ó pe ẹlẹ́rìí mìíràn? Rárá o. Ikú ni ìdájọ́, fún un àti fún gbogbo ilé baba rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba kọ̀, wọ́n ní àwọn ò lè gbé ọwọ́ sókè sí àlùfáà Olúwa. Ni ọba bá yíjú sí Dóégì. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo yẹn náà ló tún di apànìyàn. Àlùfáà 85 ló pa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n tún wọ Nóbù, wọ́n pa obìnrin, wọ́n pa ọmọdé, wọ́n pa ọmọ ọmú. Ábíátárì nìkan ló sá àsálà.

Nígbà tí Ábíátárì dé ọ̀dọ̀ Dáfídì tó sì ròyìn, Dáfídì ò wá àwáwí. Ó ní òun lòun fa ikú àwọn ènìyàn náà. Dáfídì tó purọ́ jẹ́wọ́. Sọ́ọ̀lù tó dájọ́ ńkọ́? A ò kà á níbì kankan pé ó kẹ́dùn Nóbù.

Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ti fi òfin lélẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Diutarónómì 17 àti 19 sọ ọ́: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kú lẹ́nu ẹlẹ́rìí kan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn onídàájọ́ gbọ́dọ̀ wádìí dáadáa. Tí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ èké, ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ẹnìkejì rẹ̀ ni kí wọ́n ṣe sí òun náà. Ọwọ́ ẹlẹ́rìí ló sì máa kọ́kọ́ ju òkúta. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹnu rọrùn láti fi pa ènìyàn, ló fi ní kí ẹni tó sọ ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Dádì, ẹlẹ́rìí méjì ti tó nìyẹn." Kò tó o. Ẹ wo Nábótì nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 21. Áhábù fẹ́ ọgbà àjàrà rẹ̀, Nábótì ní ogún baba òun ni. Jésébélì kọ lẹ́tà lórúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba lù ú. Wọ́n kéde ààwẹ̀. Ààwẹ̀ o! Wọ́n fi Nábótì sí ipò ọlá, wọ́n sì wá ẹlẹ́rìí méjì, kí òfin Mósè lè pé. Àwọn méjèèjì ní ó bú Ọlọ́run, ó sì bú ọba. Wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa. Kí ni ọba ṣe lẹ́yìn náà? Ó sọ̀kalẹ̀ lọ gba ọgbà. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan ẹnì kan, ẹ wò ó dáadáa, ta ni ọgbà rẹ̀ máa bọ́ sí lọ́wọ́? Iye ẹlẹ́rìí nìkan kọ́ ni Ọlọ́run béèrè. Ó béèrè ìwádìí, láti ọwọ́ ẹni tí kò ní ohun tó máa jẹ níbẹ̀.

Ẹ wá wo ẹjọ́ Olúwa wa. Ní òru, níwájú ìgbìmọ̀ àwọn Júù, ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run ni wọ́n ní Jésù sọ. Máàkù 14 sọ pé ẹlẹ́rìí èké pọ̀, àmọ́ ẹ̀rí wọn ò bára mu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú un lọ bá Pílátù. Wọ́n mọ̀ pé gómìnà ará Róòmù ò ní torí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àwọn Júù pa ènìyàn. Ni wọ́n bá pa ẹ̀sùn dà. Lúùkù 23:2 kà á fún wa: wọ́n ní ó ń yí àwọn ènìyàn lọ́kàn padà, wọ́n ní kò jẹ́ kí wọ́n san owó orí fún Késárì, wọ́n ní ó pe ara rẹ̀ lọ́ba. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ gidi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ní orí 20, Jésù kan náà ló ní kí wọ́n fún Késárì ní ohun tó jẹ́ ti Késárì!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pílátù sọ pé òun ò rí ẹ̀bi. Kí ló wá yí i lọ́kàn? Jòhánù 19:12. Wọ́n sọ fún un pé tó bá dá ọkùnrin yìí sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ Késárì. Tìbéríù ni Késárì nígbà náà, ìgbà tirẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn pàtàkì ní Róòmù kú nítorí wọ́n ní wọ́n tàbùkù sí ọlá ọba. Pílátù mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí òun. Bí ẹ̀sùn yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á dẹ́rù ba ẹni tí wọ́n mú, á tún dẹ́rù ba adájọ́ tó fẹ́ dá a sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé Bárábà. Bárábà ló wà lẹ́wọ̀n nítorí ìṣọ̀tẹ̀ àti ìpànìyàn. Wọ́n tú ọlọ́tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pa ẹni tí kò ṣọ̀tẹ̀, nítorí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ìgbàlà wa ti wá. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Àwọn tí wọ́n ka Bíbélì yìí lẹ́yìn náà, ṣé wọ́n kọ́gbọ́n? Ẹ jẹ́ ká wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ibẹ̀ ni òfin tí wọ́n fi ń dájọ́ ní ilẹ̀ wa ti wá.

Ní 1535, wọ́n gbé Thomas More wá síwájú àwọn adájọ́ ní Westminster. Ọkùnrin yìí ti jẹ́ àgbà ìjòyè ọba Henry Kẹjọ rí. Kì í ṣe ẹni tí àwa Pùròtẹ́sítáǹtì lè máa yìn láìwo ẹ̀yìn, nítorí nígbà tó wà nípò, wọ́n sun àwọn onígbàgbọ́ kan níná. Àmọ́ ẹjọ́ tirẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n. Ọba sọ ara rẹ̀ di olórí ìjọ, More kọ̀ láti búra sí i, ó sì dákẹ́. Òfin ò lè mú ẹni tó dákẹ́. Ni Richard Rich, lọ́yà ọba, bá jáde wá pé nígbà tóun lọ kó ìwé More kúrò ní yàrá ẹ̀wọ̀n, ó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ sí òun. More ní irọ́ ni. Ọkùnrin méjì mìíràn wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n bi wọ́n, wọ́n ní ìwé làwọn ń dì, àwọn ò fetí sí ọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí kan, òun náà sì ni lọ́yà ọba. Wọ́n bẹ́ orí More ní ọjọ́ 6 oṣù Keje. Rich ńkọ́? Ó di àgbà ìjòyè tó wà ní ipò More gan-an ní 1547.

Robert Bolt fi ìtàn yìí kọ eré, A Man for All Seasons, ní 1960. Nínú eré náà, lẹ́yìn tí Rich jẹ́rìí tán, More rí ẹ̀gbà oyè tuntun lọ́rùn rẹ̀, ó bi í pé oyè kí ni. Wọ́n ní wọ́n ti fi ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún ilẹ̀ Wales. More wá fi ọ̀rọ̀ Jésù nípa ẹni tó jèrè ayé tó pàdánù ọkàn rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì ṣe é láàánú pé ayé tí Rich gbà ò tiẹ̀ tó ayé, Wales péré ni. Ẹ̀yin ará, ẹ̀gbà wo ló wà lọ́rùn àwọn tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn?

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Walter Raleigh. Oṣù Kọkànlá 1603, ní Winchester, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọba James Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́ ni. Wọ́n ní Raleigh fẹ́ fi owó ilẹ̀ Sípéènì yọ ọba, kó gbé Arbella Stuart sípò. Kò ní lọ́yà, òfin ò gbà á. Ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì lọ́wọ́ ìjọba ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lord Cobham, tóun náà wà látìmọ́lé. Cobham ti fẹ̀sùn kàn án, ó ti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ti padà fẹ̀sùn kàn án. Raleigh ní kí wọ́n mú Cobham wá, kó sọ ọ́ lójú òun. Ó rán wọn létí òfin Mósè, pé ẹlẹ́rìí méjì ni Ọlọ́run wí. Àwọn adájọ́ kọ̀. Ìwé ni wọ́n kà sí i létí, wọn ò mú ẹni tó kọ ọ́ wá. Edward Coke, agbẹjọ́rò ọba, ń bú u bí ẹni bú ajá. Àwọn ọkùnrin méjìlá tó máa dájọ́ jáde lọ fún bí ìṣẹ́jú 15, wọ́n wọlé, wọ́n ní ó jẹ̀bi.

Ọba ò pa á lójú ẹsẹ̀. Ó wà ní ẹ̀wọ̀n Lọ́ńdọ̀nù títí di 1616, ibẹ̀ ló ti kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1614. Wọ́n tú u sílẹ̀ kó lọ wá góòlù ní Guiana, kò rí góòlù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1618, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ lórí ìdájọ́ ọdún 1603 kan náà.

Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Irú ẹjọ́ báyìí pọ̀ títí tó fi sú wọn. Ní 1696, ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin: ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ rí ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, ó gbọ́dọ̀ ní lọ́yà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí méjì. Nígbà tí Amẹ́ríkà kọ òfin orílẹ̀-èdè wọn ní 1787, wọ́n fi kún un pé ẹlẹ́rìí méjì náà gbọ́dọ̀ rí ìṣe kan náà, tàbí kí ẹni náà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba ilé ẹjọ́. Ohun tí Mósè sọ nínú aginjù, ó ti di òfin lẹ́nu àwọn tó ń ṣe agbára. Ní 1807, ààrẹ Jefferson ti kéde kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé Aaron Burr jẹ̀bi. Òfin yìí ni adájọ́ John Marshall dì mú, Burr sì bọ́.

Ní South Africa, oṣù Kejìlá 1956, ìjọba mú àwọn ènìyàn 156 fún ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Albert Luthuli wà níbẹ̀, Nelson Mandela wà níbẹ̀, àlùfáà Kristẹni bíi James Calata wà níbẹ̀. Kí lẹ̀ṣẹ̀ wọn? Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kliptown ní 1955, pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti dúdú àti funfun. Nínú ẹrù tí ọlọ́pàá kó wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àkọlé tí wọ́n fi sára ọbẹ̀ níbi ìpàdé náà wà níbẹ̀, èyí tó ní ẹran àti èyí tí kò ní ẹran! Ọbẹ̀ di ohun ọ̀tẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́rin kí ó tó parí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1961, àwọn adájọ́ tú àwọn tó kù sílẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n dá lẹ́bi ọ̀tẹ̀ nínú ẹjọ́ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní ilẹ̀ Ìbàdàn, ní 1874, Ààrẹ Látòósà yọ Ìyálóde Ẹfúnṣetán lóyè. Samuel Johnson, tóun náà jẹ́ àlùfáà bíi tiwa, kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó dé. Ta ni wọ́n ṣẹ̀? Ààrẹ. Ta ló fisùn? Ààrẹ. Ta ló dájọ́? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á lóru nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá la mọ̀, níbi tí Ìyálóde ti ń fìyà jẹ ẹrú. Eré náà dára, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ lè wà nínú ìwà ìkà tí wọ́n ń sọ. Àmọ́ ìwà ìkà kọ́ ni ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀sùn pé kò wárí fún Ààrẹ tó ni.

Oṣù Kọkànlá 1962 ni wọ́n gbé olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àtàwọn mìíràn lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó, pé wọ́n fẹ́ fi ipá dojú ìjọba àpapọ̀ bolẹ̀, pé wọ́n rán àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́ ogun ní Gánà. Lọ́yà tó fẹ́ kó wá láti Ìlú Ọba, ìjọba ò jẹ́ kó wọ Nàìjíríà. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ dìde, ó rojọ́ ara rẹ̀. Oṣù Keje 1963, ẹjọ́ ò tíì parí, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Ṣẹ́gun, tóun náà jẹ́ lọ́yà, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ rò ó wò. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, adájọ́ Sódẹ̀índé Ṣówẹ̀mímọ̀ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ náà sọ ṣì wà lẹ́nu àwọn bàbá wa títí dòní, pé wọ́n ti so òun lọ́wọ́.

Mi ò ní tún ẹjọ́ yẹn dá fún yín. Àwọn òpìtàn àti lọ́yà ṣì ń jiyàn lé e lórí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà nígbà yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni èyí: oṣù Kẹjọ 1966, Gowon dá a sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n fi ṣe kọmíṣánà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, nígbà tí ogun ń jà. Ẹni tí wọ́n ní ó fẹ́ ba ìjọba jẹ́, òun ni wọ́n kó àpò ìjọba lé lọ́wọ́. Ṣé ẹni yẹn ló yí padà ni, àbí ẹni tó jókòó sórí àga?

Ní 1995, ilé ẹjọ́ ológun jókòó ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n dá Ọbásanjọ́ lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀gbàjọba. Ó jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù Kẹfà 1998, ó sì di ààrẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999. Moshood Abíọ́lá ò ní oríire bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un ní oṣù Kẹfà 1994 lẹ́yìn tó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, ó sì kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998. Ẹnikẹ́ni ò dá a lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni ò sì dá a láre.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ọ̀tẹ̀ ò sí. Ábúsálómù ṣọ̀tẹ̀ ní tòótọ́. Júdásì ta Olúwa rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ á tú ká. Àmọ́ nínú Àwọn Ọba Kejì orí 11, ta ló fa aṣọ ya tó ń kígbe ọ̀tẹ̀? Atalíà ni, obìnrin tó ti pa ìdílé ọba kó lè rí ìtẹ́ jókòó lé. Ẹni tó ń pariwo ọ̀tẹ̀ lè jẹ́ òun gan-an ni ọlọ́tẹ̀. Ìwádìí nìkan ló máa fi hàn wá.

Ó tó àkókò kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣèlérí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Arákùnrin kan ń darí àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ tí mo wà nígbà náà. Díákónì kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn alẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ máa ṣọ́ra o. Arákùnrin yìí ń kó àwọn ọmọ ìjọ jọ sílé rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú. Wọ́n ń dáwó. Ìjọ tiwọn ni wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀." Mo ní ṣé ó rí i? Ó ní òun kọjá níbẹ̀, òun fojú ara òun rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, òun sì gbọ́ tí wọ́n ń ka owó.

Òótọ́ ló rí. Dóégì náà, òótọ́ ló rí.

Mi ò pe arákùnrin náà. Lọ́jọ́ Sunday, mo wàásù lórí Ábúsálómù tó ń dúró lẹ́nu ibodè. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo ojú ló yí sí ibi tó jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ tẹrí ba. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi lẹ́tà yọ ọ́. Ó wá sílé mi, ó fẹ́ ṣàlàyé. Mo ní kó máà ṣe wàhálà, mo ní Ọlọ́run ti fi hàn mí. Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ò fi nǹkan kan hàn mí. Díákónì ló sọ fún mi.

Bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, opó kan nínú ìjọ wá bá mi, ó ń sunkún. Onílé ti kó ẹrù rẹ̀ síta nígbà yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń dáwó ilé fún un lálẹ́ Ọjọ́rú. Òun ló sì bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, kí pásítọ̀ pàápàá má gbọ́, nítorí ojú ń tì í. Arákùnrin náà pa àṣírí opó mọ́, ó gbà kí orúkọ tirẹ̀ bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́, láti orí pẹpẹ Ọlọ́run.

Mo lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbé mi dìde, ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi mu, ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́. Àmọ́ kò padà. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, kò lọ sí ìjọ kankan mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Mi ò ní idà bíi ti Sọ́ọ̀lù, ohun gbohùngbohùn ni mo ní, ó sì tó.

Àwa pásítọ̀ fẹ́ràn Tímótì Kìíní 5:19, pé kí wọ́n má gba ẹ̀sùn lòdì sí alàgbà láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. A máa ń kà á sókè nígbà tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn wá. Òfin kan náà ló wà fún àwọn àgùntàn, ẹ wo Mátíù 18:16. Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan èmi fúnra mi ńkọ́? Èmi ni ọba nínú ẹjọ́ yẹn, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ adájọ́.

Nítorí náà, ohun tí a ti fẹnu kò sí nínú ìjọ tí mo ń bójú tó nìyí, ẹ sì lè bi mí tí mo bá yẹ̀ ẹ́:

1. A ò ní yọ ẹnikẹ́ni nípò lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo.

2. Ẹni tó bá mú ẹ̀sùn wá máa sọ ọ́ lójú ẹni tó fẹ̀sùn kàn. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ lójú, kó gbé e padà sílé.

3. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀, àwọn àgbà ìjọ ló máa gbọ́ ẹjọ́ náà, pẹ̀lú ẹni méjì láti ìta, èmi á sì jókòó bí olùfisùn lásán.

4. A ò ní fi ẹjọ́ tí wọn ò tíì dá wàásù.

Arábìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Tí ọba bá fisùn, ẹlòmíràn ni kó dájọ́.

Ẹni tí wọ́n ti pè ní Ábúsálómù láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé ní ọjọ́ Olúwa nítorí ìjọ kan ti lé e: mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ gbogbo àwa pásítọ̀. Má ṣe torí wa sá fún Jésù. Òun náà ti dúró síbi tó o dúró sí, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan náà kàn án.

Olúwa, gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ wa kí a tó jókòó lábẹ́ igi. Fún wa ní etí méjì fún ẹjọ́ méjì. Ṣàánú fún àwọn ilé tí a ti fi ẹnu wa tú ká. Ní orúkọ Jésù. Àmín.